Kí ló dé tí àìríṣẹ́ fi ń pa apá kan orílẹ̀-èdè, tí apá kejì ò sì mọ̀ ọ́n lára?

Ìjọba á jáde, wọ́n á ní àìríṣẹ́ṣe ti wálẹ̀, ó ti di 5% báyìí, ẹ̀rín á wà lẹ́nu mínísítà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń gbé lápá kan orílẹ̀-èdè náà á gbọ́, á pòṣé, á ní irọ́ gbuu ni, ṣebí gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò òun ló jókòó sílé yìí. Ẹlòmíì tó wà lápá kejì á ní kí ló ń ṣe wọ́n ná, àwọn ń wá òṣìṣẹ́ látọdún tó kọjá àwọn ò rí. Ni wọ́n á bá kojú ìjà sí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń dojú rú níbẹ̀ ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa sọ òótọ́. 5% yẹn, ṣe ni wọ́n ro gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ tí wọ́n wá pín in dọ́gba, ó sì lè má sí ìlú kan ṣoṣo tó wà ní 5% gan-an, ibì kan á wà ní 2%, ibòmíì á wà ní 18%.

Mi ò sọ pé nọ́ńbà gbogbogbòò yẹn ò wúlò o. Ẹni tó ń ṣètò owó ìlú nílò ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ bí nǹkan ṣe rí fáwọn èèyàn lẹ fẹ́ mọ̀, ti agbègbè ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì ti wá le, torí nọ́ńbà agbègbè mọ̀ ọ́n tan èèyàn ju ti orílẹ̀-èdè lọ. Nígbà míì ó máa lọ sílẹ̀ torí iṣẹ́ dé. Nígbà míì sì rèé, ó lọ sílẹ̀ torí pé ó ti sú àwọn èèyàn tàbí torí pé wọ́n ti kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń kà sí aláìríṣẹ́ ná. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń tẹ̀ lé ìlànà Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ìyẹn ILO, nǹkan mẹ́ta ló sì gbọ́dọ̀ pé sí èèyàn lára kó tó wọ ìwé aláìríṣẹ́: kò ṣiṣẹ́ kankan lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń bi í nípa ẹ̀, ó ti wá iṣẹ́ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn (wíwá gidi o, kó kọ lẹ́tà, kó lọ bá èèyàn, kì í ṣe kó kàn máa rò ó lọ́kàn), tí iṣẹ́ bá sì yọjú, ó lè bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré tó gbowó ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wákàtí kan. Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹlòmíì bó ṣe ń kà á yìí, àmọ́ ìdí wà fún un, wọ́n fẹ́ kí iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n kà bá iye ohun tí orílẹ̀-èdè ń ṣe jáde mu, iṣẹ́ wákàtí kan náà sì kúkú wà nínú ohun tí wọ́n ṣe jáde. Àṣìṣe ọ̀dọ̀ àwa tá à ń kà á ni, ká máa rò pé "ó níṣẹ́" túmọ̀ sí "ó ń rówó gbọ́ bùkátà".

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù, táwọn èèyàn kì í sábà kíyè sí, ni pé wọn kì í fi iye gbogbo èèyàn tó ń gbé ìlú pín iye aláìríṣẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àtàwọn tó ń wá iṣẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń rò pọ̀, àwọn yòókù ò sí nínú ìṣirò rárá. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ká ní ìlú kan ní àgbàlagbà 1,000. 540 ń ṣiṣẹ́, 60 ń wá iṣẹ́, 400 tó kù jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, abiyamọ tó ń tọ́mọ nílé, aláìsàn, àtàwọn tó ti jáwọ́ nínú wíwá iṣẹ́. 60 nínú 600, 10% nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 30 nínú àwọn 60 yẹn ti kọ lẹ́tà títí ó ti sú wọn, wọ́n jókòó sílé, wọn ò wá nǹkan kan mọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ríṣẹ́. Báyìí ó ti di 30 nínú 570, ìyẹn 5.3%. Gómìnà ìlú yẹn lè jáde lónìí kó ní òun ti gé àìríṣẹ́ṣe sí ìdajì, kò sì parọ́, àmọ́ 540 náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú 1,000, kò lé kò dín. Ẹ máa rántí 54% yẹn, ìwọ̀n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo àgbàlagbà, torí òun lèmi máa ń kọ́kọ́ wá kí n tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Bí wọ́n bá sì yí ìlànà òǹkà padà, ohun gbogbo ló máa yí. Nàìjíríà ka 33.3% ní ìparí ọdún 2020, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ó ti di 4.1%, kì í ṣe pé iṣẹ́ já bọ́ láti ọ̀run, ìlànà àtijọ́ ló máa ń ka ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ mọ́ aláìríṣẹ́, tuntun ò sì kà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú 33.3% ti 2020 yẹn gan-an, ìpínlẹ̀ Ímò lé ní 56%, Ọ̀ṣun ò sì tó 12%. Orílẹ̀-èdè kan náà, ìbéèrè kan náà, àsìkò kan náà. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà ọdún kan wé ti ọdún míì, tàbí ti orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn, láìbéèrè pé ìlànà wo ni wọ́n lò. Àǹfààní tó wà nínú wíwo agbègbè sí agbègbè láàárín orílẹ̀-èdè kan náà nìyẹn, ó kéré tán, gbogbo wọn la fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n.

Àlàfo yẹn sì máa ń fẹ̀ gan-an o. Ní Ítálì lọ́dún 2019, agbègbè Calabria nísàlẹ̀ gúúsù wà ní nǹkan bíi 21%, Bolzano tó wà lókè níbi òkè ńlá sì wà ní bíi 3%. Ní Sípéènì lọ́dún 2013, nígbà tí ọrọ̀-ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè wà ní 26%, Andalusia lọ sí 36%, ilẹ̀ Basque sì wà ní nǹkan bíi 16 sí 17%. Láàárín orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, òfin iṣẹ́ kan náà ló de gbogbo wọn, owó kan náà ni wọ́n ń ná, ìjọba àpapọ̀ kan náà ló wà lórí wọn. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ló ń da àwọn ará ibì kan láàmú (ẹ ẹ̀ ní ṣàìgbọ́ irú ẹ̀) yóò ṣàlàyé fún wa bí ọ̀lẹ ṣe ń dúró sí ẹnubodè agbègbè tí kì í kọjá.

Ohun tó ń fà á jù ni ohun tí agbègbè náà ń fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ wo ìlú Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana, Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú, irú èyí táwọn èèyàn ń gbé rìnrìn àjò fàájì, kọ́ńpìnì lórí kọ́ńpìnì, ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe. Nígbà tí wàhálà owó ọdún 2008 dé, ta ló máa ra ọkọ̀ fàájì? Àwọn báńkì ò yá èèyàn lówó mọ́, epo ti wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, àìríṣẹ́ṣe Elkhart sún mọ́ 20%, nígbà tí gbogbo Amẹ́ríkà lápapọ̀ ò kọjá 10% ní gbogbo àsìkò yẹn. Ní 2018, nígbà tówó ti padà dé ọwọ́ àwọn èèyàn, ìlú yìí kan náà ti wà ní bíi 2%, àwọn kọ́ńpìnì ń wá èèyàn kiri. Kí ẹ wá wo Ames, ní Iowa, ìlú yunifásítì ni, ìjọba ló ń san owó oṣù púpọ̀ nínú wọn, àkókò rere àkókò burúkú akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà ń wá, nọ́ńbà tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè bẹ́ẹ̀ ni kì í já wálẹ̀ bí ti Elkhart. Nítorí náà, ìlú tó gbára lé nǹkan kan ṣoṣo, pàápàá nǹkan téèyàn lè sún rírà ẹ̀ síwájú, máa ń jáde bí ọ̀gá nígbà tí nǹkan bá dáa, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ ṣubú.

Elkhart tiẹ̀ rí ọ̀nà àbáyọ torí pé ọjà rẹ̀ padà wá. Ibi tọ́jà ò ti padà wá ni wàhálà gidi wà. Gelsenkirchen, ní agbègbè Ruhr ní Jámánì, èédú àti irin ló sọ ọ́ di ìlú ńlá, nígbà tí èédú ilẹ̀ òkèèrè wá dínwó ju tiwọn lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi ìwakùsà pa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti ti ìgbẹ̀yìn tó wà níbẹ̀ ní 2008, nígbà tó sì di December 2018 wọ́n ti ibi ìwakùsà èédú abẹ́ ilẹ̀ tó kẹ́yìn pa ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ní Bottrop tó wà nítòsí. Títí di àsìkò yìí, ọdọọdún ni Gelsenkirchen ń wà lára àwọn tí nọ́ńbà wọn ga jù ní Jámánì, ó lé ní 10% dáadáa, nígbà tí Eichstätt ní Bavaria sì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 2%. Ẹ̀bá Eichstätt ni Ingolstadt wà, níbi tí Audi ti ń ṣe mọ́tò. Ẹ rí i pé kì í ṣe nǹkan tí Eichstätt fúnra ẹ̀ ní ló ń gbà á là, ohun tó wà láàárín ibi tí mọ́tò lè gbé èèyàn dé láàárọ̀ ni.

Ilé-iṣẹ́ kan tó kógbá wọlé kì í sì í kú òun nìkan. Ká ní iṣẹ́ 500 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn 500 yẹn ló ń gerun lọ́dọ̀ ẹnì kan, àwọn ló ń jẹun níta lọ́sàn-án, àwọn ló ń tún mọ́tò ṣe, àwọn ló ń sanwó ẹni tó ń bá wọn mójú tó ọmọ. Láàárín oṣù díẹ̀, onígbàjámọ̀ á dá ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan dúró, ilé oúnjẹ á ti ilẹ̀kùn, mẹkáníìkì náà á ní kí àwọn kan máa lọ. Owó orí tó ń wọlé fún ìjọba ìbílẹ̀ á dín kù, àwọn náà á dín òṣìṣẹ́ kù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sísàlẹ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́ sókè: Enrico Moretti, onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó ń kọ́ni ní Berkeley, ṣírò rẹ̀ fáwọn ìlú Amẹ́ríkà pé iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé tó bá wọ ìlú, nígbà tó bá yá ó máa ń fa nǹkan bí iṣẹ́ márùn-ún míì wọlé tẹ̀ lé ara ẹ̀, láti orí lọ́yà dórí ẹni tó ń gbá ilé. Ìdí nìyẹn tí ibi tó ti dáa fi ń dáa sí i, tí ibi tó ti bàjẹ́ fi ń bàjẹ́ sí i, tí gómìnà fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún kọ́ńpìnì ńlá kan pé kó wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: tí kò bá sí iṣẹ́ níbí tó sì wà lọ́hùn-ún, kí ló dé tí wọn ò kó lọ? Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún sọ lẹ́nu. Ní 1992, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Olivier Blanchard àti Lawrence Katz, wo àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé lóòótọ́, nígbà tí ìpínlẹ̀ kan bá rí ìfàsẹ́yìn, nọ́ńbà àìríṣẹ́ ẹ̀ máa ń padà sípò láàárín ọdún mélòó kan, àmọ́ kì í ṣe torí pé iṣẹ́ tuntun dé, àwọn èèyàn ló kó lọ. Gbogbo èèyàn wá gbà pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á lọ. Ìgbà tó wá di pé Ṣáínà wọ àjọ ìṣòwò àgbáyé ní December 2001, tí ọjà ẹ̀ ya wọ Amẹ́ríkà, àwọn ìlú tó ń ṣe aṣọ, tó ń ṣe àga àti tábìlì ló gbá lójú. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, David Autor, David Dorn àti Gordon Hanson, ṣàyẹ̀wò agbègbè 722, wọ́n gbé e jáde ní 2013, ohun tí wọ́n rí sì ya àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́nu: àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ kó lọ. Wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn kan jáwọ́ nínú wíwá iṣẹ́, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san sáwọn agbègbè yẹn sì lọ sókè.

Tẹ́ ẹ bá ro ti ẹnì kan pàtó wò, kò ní yà yín lẹ́nu. Ó ní ilé tó kọ́ sí ìlú tí iṣẹ́ ti lọ, owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí ò lè san rẹ́ǹtì yàrá kan fún ọdún méjì níbi tí iṣẹ́ wà, torí ibi tí iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn ń rọ́ lọ tí owó ilé fi ń fò sókè. Ìyá ìyàwó ẹ̀ ló ń bá wọn tọ́jú ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá kó lọ ó máa sanwó fún un. Iṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n ṣe láti ogún ọdún, lílo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ aṣọ ni, kò sí ẹni tó ń wá a lọ́hùn-ún. Èwo ni kó ṣe? Àwọn tó máa ń lè kó lọ ni ọ̀dọ́ tí ò tíì ní ẹrù lọ́rùn, tó ní sàtífíkéètì tó ṣeé gbé dé ibikíbi. Bí wọ́n bá sì lọ, àwọn tó lè dá kọ́ńpìnì sílẹ̀ nílé náà ti lọ nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ààlà, èyí tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Nígbà tí wọ́n bá ní àìríṣẹ́ṣe agbègbè kan jẹ́ iye báyìí, ibi tí èèyàn ń SÙN ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ wà. Brussels, olú-ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, kún fún iṣẹ́ fọ́fọ́, ibẹ̀ lọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù wà, ibẹ̀ ni báńkì wà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún làìríṣẹ́ṣe àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ń ju 10% lọ, nígbà tí Flanders tó yí i ká wà ní 3 sí 4%. Báwo? Nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ inú Brussels, àwọn tó ń wọ rélùwéè wá láàárọ̀ láti Flanders àti Wallonia ló ń ṣe é, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á gba ilé wọn lọ, wọ́n á sì kà wọ́n mọ́ àwọn tó níṣẹ́ NÍ FLANDERS tàbí NÍ WALLONIA. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn ń béèrè èdè Faransé àti èdè Dutch pa pọ̀, ọmọ àwọn tó ṣí wá tó ń gbé nísàlẹ̀ ọ́fíìsì gan-an lè má gbọ́ Dutch. Iṣẹ́ lè wà lókè orí yín kó má jẹ́ tiyín, nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni, àmọ́ inú òǹkà ló ti máa ń sá pamọ́.

Torí ẹ̀ làwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ lo ààlà ìjọba ìbílẹ̀ lásán. Àwọn onísírò UK ní agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní "travel to work area", bí wọ́n ṣe ń fa ààlà ẹ̀ ni pé kí bíi ìdá 3 nínú 4 àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó níṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí bíi ìdá 3 nínú 4 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì máa gbé ibẹ̀ (wọ́n máa ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fáwọn ìlú ńlá). Agbègbè 722 tí Autor àtàwọn yòókù lò lẹ́ẹ̀kan, irú ẹ̀ náà ni. Tẹ́ ẹ bá rí i tí àdúgbò kékeré kan láàárín ìlú wà ní 15% tí àdúgbò kejì tó fara tì í wà ní 3%, kì í ṣe iṣẹ́ ni ò sí lágbègbè yẹn, rẹ́ǹtì ló ṣà wọ́n: ẹni tí ò níṣẹ́ lọ síbi tí ilé ti pọ́ọ́kú.

Ohun tí wọ́n ń kà sábẹ́ orúkọ míì tún wà o. Ní UK, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà ti 1984 sí 1985, wọ́n ti ibi ìwakùsà pa lọ́pọ̀ yanturu ní gúúsù Wales, ní Yorkshire, ní àríwá ìlà oòrùn England. Ẹni tó bá wo òǹkà àìríṣẹ́ nìkan lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á rò pé ọgbẹ́ yẹn ti ń jinná. Ibi tí wọ́n lọ ni owó ìrànwọ́ àìlera. Ẹ̀yìn tó ti wó àti ẹ̀dọ̀fóró tí èédú ti bà jẹ́ kúkú wà lára wọn lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ wà, inú àìsàn yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo UK, àwọn tó wà lórí irú owó yẹn kúrò ní nǹkan bíi 750,000 lápá ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n di mílíọ̀nù 2.5 ó lé nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn agbègbè èédú àtijọ́ ló sì wúwo sí jù. Christina Beatty àti Steve Fothergill, àwọn olùṣèwádìí ní yunifásítì Sheffield Hallam, ló fi ọdún púpọ̀ tọpa ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ṣe òǹkà àìríṣẹ́ tó fi àwọn tó fara pa mọ́ kún un, ìyàtọ̀ àárín àríwá àti gúúsù sì wá fẹ̀ ju bí ìjọba ṣe ń kà á lọ.

Gúúsù Áfíríkà ní tiwọn ṣe ohun tí mo fẹ́ràn, wọ́n ń gbé òǹkà méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó jẹ́ ti ìlànà àgbáyé àti èyí tó gbòòrò tó ka àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ àmọ́ tí wọn ò wá a mọ́. Láìpẹ́ yìí, Western Cape ń wà ní bíi 20% lórí ti àkọ́kọ́, Eastern Cape ní bíi 40%. Ní Limpopo, ẹ bá kúrò lórí òǹkà àkọ́kọ́ bọ́ sórí ìkejì, nọ́ńbà fò sókè ju pọ́ìntì 10 lọ, ìyẹn ni pé àwọn tó ti jáwọ́ pọ̀ níbẹ̀ lọ́nà tí òǹkà àkọ́kọ́ ò lè rí. Àwọn agbègbè tó le jù yẹn, kì í ṣe èèṣì. Inú Eastern Cape ni Transkei àti Ciskei wà, ibi tí ìjọba apartheid, ìyẹn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kó àwọn aláwọ̀ dúdú jọ sí, jìnnà sí ilé-iṣẹ́, jìnnà sí ìlú ńlá, kí wọ́n lè máa wá ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì padà. Òfin yẹn ti lọ láti 1994, ibi tí wọ́n kọ́ ilé èèyàn sí ò kúrò níbẹ̀.

Ti bí nọ́ńbà ṣe ń yí pẹ̀lú àsìkò ọdún ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Yuma ní Arizona, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ tútù tí Amẹ́ríkà ń jẹ nígbà òtútù ti ń wá, nígbà òtútù nọ́ńbà wọn á wálẹ̀, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná á tún lọ sókè fíofío. Ìlú etí òkun tó ń gbàlejò arìnrìn-àjò, òdìkejì ẹ̀ ni. Ẹ fi January wé January, ẹ má fi wé July, ó parí.

Ti bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà yẹn gan-an ló yẹ ká dúró lé díẹ̀, torí àwọn oníròyìn kì í sọ ọ́. Ìwádìí oṣooṣù tí Amẹ́ríkà fi ń mọ àìríṣẹ́ wọn, nǹkan bí ìdílé 60,000 ni wọ́n ń bi léèrè, ó sì tó dáadáa fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àmọ́ wọ́n ní county (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn) tó lé ní 3,000. Ẹ pín in fúnra yín, kò tó ìdílé 20 fún ìkọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú àwọn county kéékèèké ni wọn ò sì dé rárá. Síbẹ̀ oṣooṣù ni nọ́ńbà county kọ̀ọ̀kan ń jáde. Ibo ló ti ń wá? Fọ́múlà ni. Wọ́n á mú ti ìwádìí, wọ́n á mú iye àwọn tó wá gba owó ìrànwọ́ torí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á mú àkọsílẹ̀ míì, wọ́n á pò ó pọ̀. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mi ò bú wọn, àmọ́ ẹni tó bá ń ka "county wa lọ láti 4.1% sí 4.4%" kó máa pariwo, kó rọra. Kódà níbi tí wọ́n bá ti bi èèyàn léèrè lójúkojú, ká ní 200 péré ni wọ́n rí níbẹ̀ lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àtàwọn tó ń wá a, tí 10 nínú wọn ò níṣẹ́, 5% nìyẹn, òótọ́ ibẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín 2% sí 8%. Èèyàn mẹ́rin péré ló máa mú un di 7%. Nítorí náà, àwọn ìwé ìròyìn tó máa ń to agbègbè léraléra bíi pé wọ́n ń díje, ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà láàárín yẹn ò yàtọ̀ síra wọn rárá. Àwọn tó wà lókè pátápátá àti nísàlẹ̀ pátápátá ni kẹ́ ẹ wò, pàápàá tí wọ́n bá ti wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, mẹ́wàá.

Tẹ́ ẹ bá wá rí agbègbè kan tí nọ́ńbà ẹ̀ ti ń já wálẹ̀ látọdún pípẹ́, ẹ wo ti Ìlà Oòrùn Jámánì. Lẹ́yìn tí wọ́n so orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀ ní 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wà níbẹ̀ ò lè bá ti Ìwọ̀ Oòrùn figagbága, wọ́n tà wọ́n, wọ́n tì wọ́n, nígbà tó fi máa di 2005 àìríṣẹ́ṣe ibẹ̀ sún mọ́ ìlọ́po méjì ti apá kejì. Ní 2019, ìyàtọ̀ yẹn ò tó pọ́ìntì 2 mọ́. Iṣẹ́ wọlé lóòótọ́, Leipzig ń ṣe mọ́tò, Dresden ń ṣe chip kọ̀ǹpútà. Àmọ́ àwọn tó kúrò níbẹ̀ lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn látìgbà yẹn fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan ju àwọn tó ti Ìwọ̀ Oòrùn wá síbẹ̀ lọ, ọ̀dọ́ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó kúrò, púpọ̀ lára àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kìíní ti dàgbà, wọ́n ti gba ìfẹ̀yìntì, wọn ò sí nínú òǹkà mọ́. Ìròyìn ayọ̀ àti ìròyìn ìbànújẹ́ wọ inú nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín àfi kẹ́ ẹ lọ ka iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìlú sí ìlú, kẹ́ ẹ sì fi ti ìsinsìnyí wé ti nígbà yẹn.